ìkọ́

Ọ̀rọ̀-orúkọ, láti ara ì- àti kọ́.

1. Ohun tí a fi ń gbé nǹkan kọ́, tàbí tí ó ń di ilẹ̀kùn mú.

2. (kọ̀ǹpútà) Ohun kékeré inú háàdì dísìkì tí ó ń di apá tí ó gbé orí tí ń ka àkọsílẹ̀ mú nígbà tí àwo kò bá yí, kí orí náà má baà ha ojú àwo.

Àpẹẹrẹ: Bí iná bá lọ lójijì ní Fate, agbára tí ó kù nínú yíyí àwo ni ó ń dá apá padà sí ibùdó rẹ̀, ìkọ́ ni kì í jẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀ bí ọ̀kadà bá ń gbọ̀n ọ́n.

Ìlò: Kí atúmọ̀ èdè má ṣe pè é ní àgádágodo, òǹkàwé yóò rò pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni. Apá ni ìkọ́ ń dì mú, kì í ti àkọsílẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kíyè sí àmì ohùn: ikọ́ ni àìsàn.