Ọ̀dọ́langba Tí Ó Kọ́ Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ ní Sàró

Nígbà tí a bá ń pìtàn bí òwò ẹrú ṣe dópin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ ọkọ̀ ogun, ti gómìnà àti ti àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń kún ẹnu wa. Àwọn wọ̀nyí ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun tí ó lè já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni kò lè lé ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní Sàró, lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn ọ̀dọ́langba tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú.

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ní 1808, Sàró bọ́ sábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá gbà nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, Freetown ni a ń kó wọn lọ. Kí iṣẹ́ náà tó parí, iye wọn ti ju 80,000 lọ. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní Aku, nítorí pé “ẹ kú” ni ìkíni wọn. A pín àwọn ènìyàn náà sí abúlé bíi Regent, Gloucester, Bathurst àti Wellington. Síbẹ̀, ìgbàlà kò pé fún gbogbo wọn. A fi àwọn ọmọ kan sọ́dọ̀ ọ̀gá láti máa sìn ín, àwọn mìíràn sì jẹ palaba ìyà níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí a tún jí gbé, tí a sì tún tà.

Nínú àwọn tí a gbà ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, wà. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gbà á. Ní oṣù kẹfà ó gúnlẹ̀ sí Freetown, a sì mú un lọ sí Bathurst. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó sọ pé àwọn bá ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ àwọn níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn wọ̀nyí fi dá wọn lójú pé wọ́n ti di òmìnira, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tí a fi ránṣẹ́ pè wọ́n sí Freetown láti jẹ́rìí lòdì sí Potogí tí ó rà wọ́n. Wọ́n gbọ́ fìnrín-fìnrín pé a ó dá wọn padà fún un. Àwọn ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní í lọ àfi bí a bá gbé àwọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ tí a fẹ́ fi gbèjà wọn gan-an ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ìtura Àjàyí ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín bí oṣù mẹ́fà tí ó dé Sàró, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun, a sì fi í ṣe mọ́nítọ̀, èyíinì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn yòókù. Kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ ni owó rẹ̀ lóṣù. Àwọn olùkọ́ kò pọ̀, ibà sì ń pa àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò dẹ́kun láti máa kó àwọn ọmọ tuntun dé. Ọmọ tí ó bá bá irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì rí ẹni tí ó ti la inú ọkọ̀ ẹrú kọjá bíi tirẹ̀, tí ó sì wà láàyè, tí ó ń kàwé. Ẹ̀rí tí ó wà níwájú rẹ̀ nìyẹn pé ayé kò tíì parí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Mọ́nítọ̀ kò dá ṣiṣẹ́. Àgbà ni ó ń tọ́ ọ, tí ó ń wá oúnjẹ àti ibùgbé fún àwọn ọmọ, tí ó sì ń dúró níwájú ìjọba nítorí wọn. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ ọ̀dọ́ ni ó ṣe. Lára èso rẹ̀ ni pé ní 1827 Àjàyí wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Ní 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1864 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Samuel Àjàyí Crowther.

Òwò ènìyàn kò tíì tán nílẹ̀ wa. Ní 2003 ni Nàìjíríà ṣe òfin tí ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun tì í. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ran àwọn tí a gbà lọ́wọ́ lóde òní lè kọ́gbọ́n ní Bathurst. Kí ó fi wíwá ọ̀daràn àti ọ̀ràn ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún àgbà. Kí ó má ṣe fi ìbéèrè tú egbò ẹni. Kí ó jókòó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó bá a sọ èdè tí ó gbọ́, kí ó kọ́ ọ ní ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí òun náà mọ̀. Irú ẹlẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó lè sọ fún ẹni tí a gbà pé ó ti bọ́, kí ó sì gbà á gbọ́.