KÍ A TÓ TẸ̀KA SÍ ÌWÉ DÓKÍTÀ: OHUN TÍ ỌDÚN 1996 KỌ́ WA NÍ KÁNÒ

  

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe dé Sabon Gari, ìtàn rélùwéè àti ìtàn òwò obì ni a sábà máa ń kà. Lọ́dún yìí, ìtàn mìíràn ni a fẹ́ sọ. Ìlú tí a ń gbé yìí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ìtàn ìyọ̀ǹda aláìsàn ni, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí aláìsàn ní láti mọ ohun tí dókítà fẹ́ ṣe sí i lára, kí ó yé e yékéyéké, kí ó tó sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ló gbọ́ Háúsá ọjà dáadáa. Wọ́n mọ owó kà, wọ́n mọ ọjà ná. Ṣùgbọ́n Háúsá ọjà kò tó lò ní ilé ìwòsàn, òyìnbó tí àwọn dókítà ń sọ sì tún le ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìgbọ́ Ifá là ń wòkè, Ifá kan ò sí ní párá.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ ÌYỌ̀ǸDA TI WÁ

Láyé àtijọ́, ohun tí oníṣègùn bá sọ ni abẹ gé, yálà lọ́dọ̀ wa tàbí lọ́dọ̀ òyìnbó. Ogun Àgbáyé Kejì ló la ojú ayé. Àwọn dókítà kan ní Jámánì fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n dánra wò, ọ̀pọ̀ sì kú. Nígbà tí ogun parí, wọ́n kó àwọn dókítà náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìlú Nuremberg. Nínú ìdájọ́ ọdún 1947, ilé ẹjọ́ ka òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe ìwádìí ìṣègùn. Èkíní nínú wọn ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ fínnúfíndọ̀ gbà, láìsí ipá, láìsí ẹ̀tàn, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà bá ti yé e. Ní 1964, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé ṣe ìpàdé ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, wọ́n sì gbé ìlànà tiwọn jáde.

Ṣùgbọ́n òfin wà, àìpa á mọ́ náà wà. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, láti 1932 títí di 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba ń ṣọ́ nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. 399 nínú wọn ló ní àrùn sífílíìsì. Wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn, wọ́n kàn ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò dára. Nígbà tí pẹnisílíìnì dé, tó sì ń wo àrùn náà sàn, wọn kò fi tọ́jú wọn. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Bill Clinton ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba.

KÁNÒ, 1996

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Àwọn tó wà ní Kánò lọ́dún 1996 kò lè gbàgbé àrùn yírùnyírùn tó jà, èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní sankarau. Ibà rẹ̀ gbóná, ó ń mú ọrùn gan, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé 109,580 ènìyàn ló kó o ní Nàìjíríà lọ́dún náà, 11,717 sì kú.

Ní Kánò, ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí IDH, kún dẹ́nudẹ́nu. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières wà níbẹ̀, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ chloramphenicol tọ́jú àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹrin, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà dé. Wọ́n ní oògùn tuntun kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Trovan, tí ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fi àṣẹ sí nígbà náà. Wọ́n yan 200 ọmọ. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n sì fún 100 yòókù ní ceftriaxone, oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ọmọ 11 ló kú nínú àwọn 200 náà: 5 nínú àwọn tó lo Trovan, 6 nínú àwọn tó lo ceftriaxone. Àwọn òbí tún sọ pé àwọn ọmọ mìíràn di adití, àwọn kan fọ́jú, àwọn kan rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Pfizer ní àrùn náà ló fa gbogbo rẹ̀, kì í ṣe oògùn àwọn, àti pé Trovan gba ẹ̀mí là. Àwọn òbí ní oògùn náà ni, àti pé ceftriaxone tí wọ́n fún àwọn yòókù kò pé ìwọ̀n.

Ẹ fi ti oògùn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wo ti ìyọ̀ǹda. Pfizer sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn òbí náà kò mọ̀wé, nítorí náà àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹnu ṣàlàyé fún wọn ní Háúsá, wọ́n sì gbà. Àwọn òbí ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn pé oògùn mìíràn tí a ti mọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà kan náà. Kò sí ìwé ìyọ̀ǹda kankan tí òbí fọwọ́ sí tàbí tẹ̀ka sí. Ìwé kan wà tó sọ pé ìgbìmọ̀ Aminu Kano Teaching Hospital fàṣẹ sí iṣẹ́ náà lóṣù kẹta 1996, ṣùgbọ́n ó hàn nígbà tó yá pé ilé ìwòsàn náà kò tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

ẸJỌ́ ỌDÚN MẸ́WÀÁ

Oṣù kejìlá ọdún 2000 ni ìwé ìròyìn Washington Post tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ dìde, àbájáde rẹ̀ sì wà nínú àpótí títí tó fi jáde síta ní 2006. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìdánwò náà kò bófin mu. Ní 2001, àwọn ìdílé kan gbé Pfizer lọ sí ilé ẹjọ́ ní New York. Ní oṣù kìíní 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ sọ pé òfin gbogbo ayé ló ka fífi ènìyàn dán oògùn wò láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ léèwọ̀, nítorí náà wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kò gbà láti tún un gbé yẹ̀wò.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò náà pẹjọ́ ní 2007. Ní oṣù keje 2009, wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí rẹ̀, láìjẹ́ pé Pfizer gbà pé òun jẹ̀bi. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 35 wà fún àwọn ọmọ tọ́rọ̀ kàn, mílíọ̀nù 30 wà fún ètò ìlera ní Kánò, mílíọ̀nù 10 sì wà fún owó ẹjọ́. Ní oṣù kẹjọ 2011, ìdílé mẹ́rin tí ọmọ wọn kú ló kọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún 15 ti kọjá lórí ikú ọmọ kí owó tó dé. Owó kò sì jí òkú.

Ìpalára náà kò mọ síbẹ̀. Nígbà tí Kánò dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní 2003, ọ̀pọ̀ òbí ló ń rántí 1996. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Nǹkan bí ọdún kan ni wọn kò fi gbà á, àrùn náà sì tàn láti ibí dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti kúrò tẹ́lẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ti inú igbó, èyí tí kì í ṣe ti àjẹsára, ti tán ní Áfíríkà. Ẹ wo bí àìgba ìyọ̀ǹda 200 ọmọ ṣe ṣàkóbá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ mìíràn.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ NÍSINSÌNYÍ

Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, àní bí dókítà bá tilẹ̀ rò pé ó ń ṣe ara rẹ̀. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, wá ṣe é ní kíkún. Abala 23 rẹ̀ sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ipò ara aláìsàn fún un, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye tí yóò ná an. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pẹ̀lú pé ó lè kọ̀, àti ohun tó lè tẹ̀yìn kíkọ̀ náà wá. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí ó fi sọ ọ́, kí ó sì wo bí ìmọ̀wé rẹ̀ ti tó. Bí ìwádìí bá ni, abala 32 ní àfi kí ìyọ̀ǹda wà ní àkọsílẹ̀.

KÍ NI KÍ ÀWA ṢE?

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ni a ń lọ, ibẹ̀ náà ni a ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ̀ka: Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Bí a kò bá ṣe é ńkọ́? Ṣé ìtọ́jú ni, àbí ìwádìí? Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè.

Bí èdè kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Ẹ má fi ìtìjú mi orí. Ẹ má sì fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àìsàn ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wúwo jù fún un.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ tiwa nílé. A mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọkọ tàbí olórí ẹbí la máa ń dúró dè. Ìyá ọmọ lè wà lórí ìrora ìrọbí, kí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, kí àwọn ará ilé ní kí wọ́n dúró de bàálé tó lọ ra ọjà ní Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Bí ó bá ti yé e, tó sì gbà, ìfọwọ́sí rẹ̀ tó.

Lákòótán, a ń rọ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, Háúsá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìlera, tí a lè pè nígbàkígbà láti bá aláìsàn wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Kò ní ná wa ju owó ọkọ̀ lọ. Ní 1996, àwọn òbí kan gbé ọmọ wọn dé IDH, wọ́n ní kò sí ẹni tó dúró tì wọ́n láti ṣàlàyé. Kí irú rẹ̀ má ṣe ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọmọ Háúsá tàbí ọmọ Ìgbò.

Ìlera lọrọ̀. Kí Olódùmarè fún wa ní àlàáfíà, kí ó sì jẹ́ kí a tún jọ pàdé ní àmọ́dún. Àṣẹ.