Láti èbúté Douala dé orí PDF: Báwo ni ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe di ìwé tí kì í yí padà?

Tí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀ sí èbúté Douala, létí odò Wouri ní Cameroon, kì í ṣe ẹrù nìkan ló ń bọ̀. Ìwé ń tẹ̀lé e: ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé iye owó ọjà àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù Chad àti Central African Republic ń gbà wọlé, torí pé orílẹ̀-èdè méjéèjì kò ní etíkun. Nítorí náà, ìwé tó jáde ní Douala gbọ́dọ̀ rí bákan náà ní N'Djamena àti Bangui. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì, ẹrù lè dúró sójú kan, kí owó ìdádúró sì máa gorí ara wọn.

Láti orí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 2000 ni GUCE, Guichet Unique du Commerce Extérieur, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Douala, kí oníṣòwò lè rí àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé ẹrù lójú kan. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ní 2020, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Cameroon bẹ̀rẹ̀ sí í lo CAMCIS dípò SYDONIA tí àjọ UNCTAD ṣe.

Kí ló dé tí HTML nìkan kò tó?

Èdè HTML, tí Tim Berners-Lee ṣe ní CERN ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni wọ́n fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Bí omi ló rí: ìrísí ohun tí wọ́n bá bù ú sí ló ń gbé wọ̀. Ó ń fẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń fún lórí fóònù. Ìyẹn dára fún kíkà, àmọ́ kò bá ìwé àṣẹ mu.

Ní 1991, John Warnock, ọ̀kan lára àwọn tó dá Adobe sílẹ̀, dábàá iṣẹ́ kan tó pè ní Camelot. Òun ló di PDF ní 1993, ìwé tí ìrísí rẹ̀ kì í yí padà. Ní 2008, ó di ìlànà àgbáyé ISO 32000.

Àṣẹ ìlà kan ṣoṣo

Håkon Wium Lie dábàá CSS ní 1994, láti máa fún ojú ewé ní àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà. Nígbà tó yá, CSS tún lè sọ bí bébà yóò ṣe tóbi tó àti ibi tí nọ́ńbà ojú ewé yóò wà.

Èyí ló ṣí ọ̀nà fún irinṣẹ́ bíi Prince, tó jáde ní 2003, wkhtmltopdf àti WeasyPrint. Èèyàn kò nílò láti tẹ bọ́tìnnì kankan lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà kan péré ni yóò kọ:

weasyprint iwe.html iwe.pdf

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣètò ìrísí ìwé. Orúkọ, ẹrù àti iye owó nìkan ló ń yí padà, kódà bí ìwé bá tó ẹgbẹ̀rún.

Ohun tó yẹ kí ẹ kíyèsí

PDF kì í sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ ló ń gbé. Bákan náà, bí irú lẹ́tà tí wọ́n lò kò bá ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, orúkọ Yorùbá lè di àpótí òfìfo lórí ìwé. Orúkọ tí kò bá sì bá ti ìwé ìrìnnà mu lè dá ẹrù dúró, bó ti wù kí ìwé náà rẹwà tó.