Ìran Ẹṣin Standardbred àti Ìpadàbọ̀ Rẹ̀ sí Abẹ́ Gàárì

Ìran ẹṣin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Standardbred, èyí tí wọ́n ń tọ́ dàgbà fún eré ìje tí ẹṣin kì í ti í gbé ènìyàn sẹ́yìn, bí kò ṣe pé ó ń fa kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí awakọ̀ kan ṣoṣo jókòó lé. Òǹkàwé Yorùbá tó jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Ilé àti ti Ìlọrin ni ó mọ̀ jù nínú ìtàn, níbi tí ẹṣin kò ti mọ ohun mìíràn ju gàárì àti ìjánu lọ, lè rí irú eré bẹ́ẹ̀ bí ohun àjèjì, ṣùgbọ́n láti ọ̀rúndún 19 ni ó ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú eré tí àgbẹ̀ àti ará ìlú ń wò ní Àríwá Amẹ́ríkà. Nígbà tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ bá darúgbó fún ìje, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó, àwọn kan a máa tún un kọ́ kí ènìyàn lè máa gùn ún, iṣẹ́ àtúnkọ́ yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àánú tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 20. Ìtàn kò gbe èrò yẹn lẹ́sẹ̀. Abẹ́ gàárì ni ìran ẹṣin yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ ti bá a, àwọn tí kẹ̀kẹ́ sì kọ̀ ti ń padà sí abẹ́ gàárì tipẹ́tipẹ́ kí ẹgbẹ́ aláàánú kankan tó dìde.

Ọdún 1788 ni a ti lè mú ìtàn náà, nígbà tí ọkọ̀ òkun kó akọ ẹṣin eléérú kan tí ń jẹ́ Messenger láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Philadelphia. Ìran Thoroughbred ni Messenger, ìyẹn ìran ẹṣin tí a ń gùn nínú eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀bùn mìíràn hàn, nítorí pé wọ́n lè sáré tírọ́ọ̀tì fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n já sí eré àsápajúdé. Tírọ́ọ̀tì ni ìsáré tí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì jọ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹsẹ̀ iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún yóò sì tẹ̀ lé e, ó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn nítorí pé ẹṣin lè pẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, nígbà tí ọ̀nà ṣì burú fún kẹ̀kẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, orí ẹṣin ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ń jókòó sí lọ sí ọjà àti sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, orí ẹṣin náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn díje lójú títì.

Ẹ̀rí tó dájú jù lọ nípa ìgbà yẹn ni ìtàn abo ẹṣin eléérú kan, Lady Suffolk, tí wọ́n bí ní Long Island ní ọdún 1833 nínú ìdílé Messenger. Ní ọdún 1845, ní Hoboken ní New Jersey, ó fa kẹ̀kẹ́ sáré máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 29 àti ààbọ̀, kò sì sí ẹṣin tírọ́ọ̀tì tí ó ti fa kẹ̀kẹ́ parí máìlì ní ohun tó kéré sí ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 30 rí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Boston, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 16, ó gbé ènìyàn sẹ́yìn, ó sì parí máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 26. Ó yẹ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ní àárín ọ̀rúndún 19, ẹṣin tó lókìkí jù nínú ìje tírọ́ọ̀tì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, àti pé kò sí ẹni tí ó rò pé ọ̀kan nínú wọn lòdì sí ẹ̀dá rẹ̀.

Ọdún tí Lady Suffolk sáré ní Boston ni wọ́n bí ẹṣin tí ó di baba gbogbo ìran náà. Ní Orange County ní ìpínlẹ̀ New York, alágbàṣe kan tí ń jẹ́ William Rysdyk ra abo ẹṣin kan tó yarọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní dọ́là 125 lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Jonas Seely. Ọmọ ẹṣin náà, tí wọ́n sọ ní Hambletonian, jẹ́ ìran Messenger, ó sì fi ọmọ tó lé ní 1,300 sílẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1876, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdílé rẹ̀ ni gbogbo ẹṣin Standardbred òde òní ti ṣẹ̀ wá. Láàárín ìgbà ayé rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ borí gàárì pátápátá. Ọ̀nà ń dára sí i, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe kẹ̀kẹ́ tó túbọ̀ fúyẹ́, àwọn olówó New York bíi Robert Bonner, onílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí ó ra Dexter, ọmọ Hambletonian, sì sọ ọ́ di ọlá láti máa wa ẹṣin fúnra wọn lójú pópó. Bàbá tó sanra tàbí tó dàgbà kò lè gun ẹṣin díje pẹ̀lú ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ó lè jókòó lórí kẹ̀kẹ́.

Ní ọdún 1879, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́ ẹṣin tírọ́ọ̀tì fi ìlànà lélẹ̀ lórí irú ẹṣin tí wọn yóò kọ sínú ìwé ìdílé wọn, èyí tí ó ṣe kókó jù nínú rẹ̀ sì ni pé kí ẹṣin náà, tàbí òbí rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, ti sáré máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 30. Ìlànà yẹn ni orúkọ ìran náà ti wá. Nígbà tí wọ́n fi táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ bíi ti básíkù sí kẹ̀kẹ́ ìdíje ní ọdún 1892, abo ẹṣin Nancy Hanks parí máìlì ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 4, bẹ́ẹ̀ àáyá 8 àti ìdá kan nínú mẹ́rin lé ìṣẹ́jú 2 ni ẹṣin Sunol fi ṣe é ní ọdún tó ṣáájú. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí fún olùdíje ní Amẹ́ríkà láti wá gàárì mọ́.

Àwọn ẹṣin tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ kò parẹ́, ìtàn ọ̀kan nínú wọn sì tó láti yí ojú tí a fi ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ yìí padà. Ní ọdún 1886 ni wọ́n bí akọ ẹṣin dúdú kan, Allan, ní Kentucky, tí baba rẹ̀ Allendorf sì ti ìdílé Hambletonian wá. Tírọ́ọ̀tì ni wọ́n retí lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n péèsì ni ó ń ṣe, ìyẹn ìsáré tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá kan náà jọ ń gbéra pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ràkúnmí ti ń rìn. Lónìí, ẹṣin péèsì ló pọ̀ jù nínú ìje oníkẹ̀kẹ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà, okùn àti awọ tí wọ́n fi so ẹsẹ̀ apá kan náà pọ̀ ni kì í sì jẹ́ kí ìsáré wọn dàrú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ni Allan, àléébù ni. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, iye owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, títí tí James Brantley, àgbẹ̀ kan ní Tennessee, fi rà á ní dọ́là 110 ní ọdún 1903, nítorí ìdílé tí ó ti wá. Brantley àti Albert Dement, tí ó rà á lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ Allan ń rìn kánmọ́kánmọ́ láìmi ẹni tó gùn wọ́n. Allan kú ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn olùtọ́ ẹṣin ìgùn Tennessee dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1935, òun ni wọ́n fún ní nọ́ńbà F-1, ìyẹn baba ńlá àkọ́kọ́ fún ìran Tennessee Walking Horse, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹṣin ìgùn tí ara tù jù lọ láyé. Ẹṣin tí wọ́n fi ṣòfò nídìí kẹ̀kẹ́ ni ó bí ìran tí a mọ̀ fún gàárì.

Ní Yúróòpù, okùn tó so tírọ́ọ̀tì mọ́ gàárì kò já rárá. Ìje tírọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní Cherbourg ní Faransé ní ọdún 1836, tí Ephrem Houël ṣe agbátẹrù rẹ̀, jẹ́ ti àwọn tó gun ẹṣin, àwọn ará Faransé sì ṣì ń ṣe irú ìje bẹ́ẹ̀ títí di òní, pàápàá ìje Prix de Cornulier ní pápá Vincennes nítòsí Paris. Ẹ̀jẹ̀ tírọ́ọ̀tì sì dé ibi tí kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Halla, abo ẹṣin Jámánì tí wọ́n bí ní ọdún 1945, jẹ́ ọmọ akọ ẹṣin tírọ́ọ̀tì kan tí ń jẹ́ Oberst. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 1956, tí wọ́n ṣe apá ti ẹṣin rẹ̀ ní Stockholm, iṣan ìtan ẹni tó gùn ún, Hans Günter Winkler, ya ní ìpele àkọ́kọ́, kò sì lè ṣe ju kí ó jókòó pẹ̀lú ìrora ní ìpele kejì, síbẹ̀ Halla fo gbogbo ìdènà láìkan ọ̀kankan, ó sì gba góòlù. Jappeloup, ẹṣin Faransé kékeré tí Pierre Durand gùn gba góòlù ní Seoul ní ọdún 1988, jẹ́ ọmọ ẹṣin tírọ́ọ̀tì pẹ̀lú.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ fi di iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti gba iṣẹ́ ojú pópó lọ́wọ́ ẹṣin, ṣùgbọ́n pápá Roosevelt Raceway tí wọ́n ṣí ní Long Island ní ọdún 1940, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe ìje lálẹ́ tí àwọn òǹwòran sì ń ta tẹ́tẹ́, sọ ìje oníkẹ̀kẹ́ di òwò ńlá. Òwò ńlá ń béèrè ẹṣin púpọ̀, òfin ìje Amẹ́ríkà kò sì gba ẹṣin tó bá ti kọjá ọdún 14 láyè láti díje, bẹ́ẹ̀ ẹṣin lè gbé ju ọdún 25 lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn ọmọ ìjọ Amish, àwọn Kristẹni tí kì í wa mọ́tò, rà láti máa fa kẹ̀kẹ́ ìdílé wọn. Àwọn mìíràn dé ọjà gbàǹjo, níbi tí àwọn tó ń ra ẹran fún ilé ìpẹran ti ń dúró. Nígbà tí àwọn ilé ìpẹran ẹṣin tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà sì ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 2007, wọ́n ṣì ń kó ẹṣin kọjá ààlà lọ sí Kánádà àti Mẹ́síkò. Ìwà àìmoore ni kí òwò kan jẹ èrè lórí ẹ̀dá kan tán kí ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ lé ẹni tó bá kọ́kọ́ náwó lọ́wọ́. Ìbínú sí irú àìmoore yẹn ni ó bí Standardbred Retirement Foundation ní New Jersey ní ọdún 1989, àti New Vocations ní Ohio ní ọdún 1992. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà ní Kánádà, Ọsirélíà àti Niu Silandi.

Iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yìí ń ṣe yàtọ̀ sí kíkọ́ ọmọ ẹṣin tí kò tíì mọ nǹkan kan. Láti kékeré ni Standardbred ti mọ okùn ìjánu àti ohùn ènìyàn. Ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ti kàn án ní ìhà títí tí ìfọwọ́kàn kò fi bà á lẹ́rù mọ́. Ó ti gun ọkọ̀ ẹrù, ó ti gbọ́ ariwo èrò, ó sì ti dúró jẹ́ẹ́ fún ẹni tó ń kan bàtà irin sí i lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí gbígbé gàárì lé e lẹ́yìn kì í fi í nira tó bí ọ̀pọ̀ ti ń rò. Ohun tó nira ni àwọn àṣà tí ìje ti kọ́ ọ. Bí awakọ̀ bá fa okùn ìjánu le nínú ìje, ẹṣin a fi ẹnu tì í, a sì túbọ̀ sáré, nítorí náà ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ láti dẹ ọwọ́. Okùn kan tí ń gbé orí ẹṣin ìje sókè ti mú kí iṣan ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ le, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó mọ bí a ti ń sọ orí kalẹ̀ kí ẹ̀yìn lè gbé ẹrù. Kò mọ ìtumọ̀ títẹ tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin ń tẹ ìhà rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn ni ẹni tó ń darí rẹ̀ ti máa ń jókòó.

Kántà ni ó máa ń gba sùúrù jù lọ, ìyẹn ìsáré onígbẹ̀rẹ́ tí ó wà láàárín tírọ́ọ̀tì àti eré àsápajúdé. Nínú ìje, ẹṣin tó bá já sí i ti ṣẹ̀ sí òfin, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn kí àwọn yòókù kọjá, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ti fi bá a wí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹlẹ́ṣin tuntun ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Sweden fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé ìyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní DMRT3, tí ń ṣàkóso bí ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń darí ẹsẹ̀, wà lára àwọn ìran ẹṣin tí ń ṣe péèsì tàbí tírọ́ọ̀tì kíkankíkan, àti pé ó ń dín agbára wọn fún kántà kù. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kò lè ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ Standardbred ń ṣe é lónìí. Ó kàn túmọ̀ sí pé kì í ṣe agídí ni. Olùkọ́ tó mòye a máa béèrè rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tàbí kí ó to igi sílẹ̀ kí ẹṣin fò ó, kí ẹsẹ̀ lè bọ́ sínú kántà fúnra rẹ̀, yóò sì yìn ín fún ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó béèrè fún mẹ́wàá.

Ohun kan tí ìje fi sára àwọn ẹṣin yìí sì ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lábẹ́ gọ̀gọ̀, ní ọrùn ọ̀pọ̀ Standardbred Amẹ́ríkà tó ti dàgbà, àmì kan wà tí wọ́n fi irin tútù nini tẹ̀, tí irun ibẹ̀ fi hù ní funfun, láti inú àmì yìí sì ni ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹṣin náà ní ọjà ti lè wá orúkọ rẹ̀, òbí rẹ̀ àti gbogbo ìje tí ó ti sá jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ United States Trotting Association. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó dá ètò Full Circle sílẹ̀, nínú èyí tí ẹni tí wọ́n bí ẹṣin kan sí ọwọ́ rẹ̀, tàbí tó wà á rí, tàbí tó tọ́jú rẹ̀ rí, lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n ké sí òun bí ẹṣin náà bá bọ́ sínú ìṣòro lọ́jọ́ iwájú, ibikíbi tí ó bá wà.