Ìwo Orí Màlúù: Láti Koberwitz Ní 1924 Dé Ìdìbò Swítsàlandì Ní 2018

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn ará Swítsàlandì dìbò lórí ọ̀rọ̀ kan tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ṣé kí ìjọba máa fún àgbẹ̀ tó bá fi ìwo sílẹ̀ lórí màlúù àti ewúrẹ́ rẹ̀ ní owó ìrànwọ́? Ìdá 54.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò náà ló sọ pé rárá. Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni ọ̀rọ̀ náà yóò ṣi ìtàn gbọ́. Ìwo orí màlúù ti jẹ́ ọ̀ràn ìgbàgbọ́ àti ti iṣẹ́ oko fún ọdún tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbé e dé ibi àpótí ìbò, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú ilé ọlọ́lá kan ní apá ìlà-oòrùn Jámánì ìgbà náà.

Koberwitz ni orúkọ ibẹ̀. Kobierzyce ni wọ́n ń pè é báyìí, ó sì wà ní Pólándì, nítòsí Wrocław. Níbẹ̀, ní ilé Carl von Keyserlingk, ni Rudolf Steiner, olùdásílẹ̀ Anthroposophy, ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 16 oṣù Kẹfà ọdún 1924. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wá gbọ́ ọ. Steiner kì í ṣe àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń fa náítírójìn jáde láti inú afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oppau láti 1913, nígbà tí ogun sì parí, orí ilẹ̀ oko ni ajílẹ̀ oníkẹ́míkà náà ń lọ. Àwọn tó pe Steiner ń ráhùn pé irúgbìn àwọn kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé àìsàn sì ń yọ ẹran àwọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọ̀nà mìíràn tí ilẹ̀ lè gbà jẹun.

Ìdáhùn Steiner ni pé oko tó pé gbọ́dọ̀ dà bí ara ẹ̀dá alààyè kan ṣoṣo. Ohun tí ẹran ń jẹ, inú oko náà ni kó ti hù. Ohun tí ilẹ̀ ń jẹ, ara ẹran oko náà ni kó ti jáde. Iye màlúù kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí koríko ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kéré débi tí àgbẹ̀ yóò fi máa ra ajílẹ̀ lọ́jà. Nínú ètò yìí, wàrà kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ abo màlúù. Bọ̀tọ̀ ni. Àgbẹ̀ Yorùbá tó ti rí bí àgbàdo ṣe ń yọ lórí ilẹ̀ tí gàá Fúlàní wà tẹ́lẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ìwo. Steiner ní kí wọ́n rọ bọ̀tọ̀ tútù sínú ìwo abo màlúù, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀, kí wọ́n hú u jáde nígbà ìrúwé, kí wọ́n pò ó mọ́ omi fún wákàtí kan gbáko, kí wọ́n máa rò ó sọ́tùn-ún, kí wọ́n sì tún yí i padà sósì, kí wọ́n tó wọ́n ọn sórí ilẹ̀. Nọ́ńbà 500 ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi ń pe àpòpọ̀ yìí. Nọ́ńbà 501 ni ti òkúta quartz lílọ̀, tí ìwo tirẹ̀ máa ń wà nínú ilẹ̀ ní ìgbà ooru.

Òǹkàwé tó mọ ìwo tí wọ́n ń di àfọ̀ṣẹ sí lè fẹ́ sáré so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Kí ó rọra. Ìwo àfọ̀ṣẹ ti kúrò lórí ẹran kí agbára tó wọ inú rẹ̀. Oògùn àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló mú agbára náà wá. Ti Ọya ló sún mọ́ ọn díẹ̀, nítorí pé ìwo ẹfọ̀n tó wà ní ojúbọ rẹ̀ jẹ́ ara òun fúnra rẹ̀. Ní ti Steiner, iṣẹ́ tí ìwo ti ń ṣe lórí abo màlúù nígbà tó wà láàyè ló fún un ní agbára. Ó fi wé ìwo ẹlẹ́ka orí àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń já bọ́ lọ́dọọdún: ó ní ti àgbọ̀nrín ń tú agbára sóde, ti màlúù ń dá a padà sínú, sí ibi tí oúnjẹ ti ń dà. Gẹ́gẹ́ bí èrò yìí, ìwo àti inú màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ dà bí ìgbín àti ìkarahun rẹ̀.

Kò sí ìwádìí tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ bí Steiner ṣe sọ ọ́, òun náà kò sì fi ẹ̀rí ìwádìí kankan tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ìwo wé èékánná kò tọ̀nà. Eegun wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀, ó máa ń gbóná bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, bí màlúù sì ṣe ń dàgbà ni ihò inú agbárí rẹ̀ ń gùn wọ inú eegun ìwo náà.

Steiner kú ní oṣù Kẹta 1925. Ní 1928 ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ forúkọ àmì Demeter sílẹ̀, ìyẹn orúkọ òrìṣà-bìnrin tó ni ọkà lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì. Ìtàn wọn lábẹ́ ìjọba Nazi kò mọ́, kò sì yẹ kí òpìtàn fò ó. Erhard Bartsch, aṣáájú wọn, wá ojúrere ìjọba náà, Rudolf Hess sì jẹ́ ààbò fún wọn. Nígbà tí Hess fò lọ sí Scotland ní oṣù Karùn-ún 1941, ààbò náà tán. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, SS ṣì ń lo ọ̀nà wọn nínú oko ewé tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ro ní Dachau.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìwo kò tíì di ìjà, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù ló ní in. Ilé kíkọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Ní ilé màlúù àtijọ́, wọ́n máa ń so màlúù kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé tí màlúù ti ń rìn fàlàlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, ohun rere ni èyí sì jẹ́ fún ẹran. Àmọ́ màlúù máa ń du ipò láàárín ara wọn. Èyí tó ní ìwo lè gún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́mú tàbí níhà, ó sì lè gún ẹni tó ń fún wàrà. Àgbẹ̀ ní ọ̀nà méjì: kó kọ́ ilé tó fẹ̀ kí èyí tí kò lágbára lè yà fún èyí tó lágbára, tàbí kó fi irin gbígbóná jó ìdí ìwo ọmọ màlúù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Ọ̀nà kejì kò náni lówó púpọ̀. Lóòótọ́, òfin Swítsàlandì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ màlúù náà ní abẹ́rẹ́ apàrora, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò fi máa dé, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin màlúù ilẹ̀ náà ni kò ní ìwo. Demeter kọ̀ ọ́ nínú òfin rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ló ń san owó kíkọ̀ náà: lábẹ́ òrùlé kan náà, màlúù tí wọ́n lè kó sí i kéré sí ti aládùúgbò wọn, wàrà tó ń jáde níbẹ̀ sì kéré.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò láàárín ọmọlẹ́yìn Steiner ni Armin Capaul, àgbẹ̀ ní Perrefitte, ní agbègbè Jura ti ìpínlẹ̀ Bern. Ó kọ lẹ́tà sí ìjọba, kò rí ohun tó fẹ́ gbà. Ó wá lo ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo aráàlú: ẹni tó bá kó ìbuwọ́lùwé 100,000 jọ láàárín oṣù 18 lè mú kí wọ́n dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Capaul kó o jọ. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun máa ń bá màlúù òun sọ̀rọ̀. Iyì ẹran ọ̀sìn ni orúkọ tó sọ àbá náà, orúkọ yìí sì gbọ́n, nítorí pé láti 1992 ni iyì ẹ̀dá ti wà nínú ìwé òfin Swítsàlandì. Bákan náà, kò ní kí wọ́n fòfin de jíjó ìwo; ó kàn ní kí wọ́n ran ẹni tí kò bá jó o lọ́wọ́.

Èsì ìjọba kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí owó bá ti ń tẹ̀ lé ìwo, àgbẹ̀ tí kò lè kọ́ ilé tuntun yóò padà sí síso màlúù mọ́lẹ̀ láti gba owó náà, màlúù yóò ní ìwo ṣùgbọ́n kò ní lè rìn. Èyí ni ìṣòro gidi tó wà nínú àbá Capaul, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí ìdáhùn tó kúnjú rẹ̀. Síbẹ̀, ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà kẹta ti ń gba oko lọ́wọ́ báyìí. Akọ màlúù tí kò ní ìwo láti inú ìran wá ń bí ọmọ tí kò ní ìwo, àtọ̀ irú akọ bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́jà fún àgbẹ̀ tó bá fẹ́. Níbẹ̀, irin gbígbóná kò sí, ìrora kò sí, ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ olùdìbò gbọ́ ní 2018 kò sì ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró. Ẹni tó bá ṣì ń fẹ́ ìwo lórí màlúù lẹ́yìn náà ní láti padà sí ohun tí Steiner sọ ní Koberwitz, kó sì wá ẹ̀rí tí Steiner kò mú wá.