Kí Àbámọ̀ Tó Gbẹ̀yìn Ọ̀ràn

Nínú A Silent Voice, ánímè ilẹ̀ Japan tó jáde ní 2016, Shoya ń fi Shoko, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jẹ́ adití, ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń já ẹ̀rọ ìgbọ́ràn etí rẹ̀ jù nù, títí ọmọ náà fi kúrò níléèwé wọn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àbámọ̀ mú kó wá a lọ. Ó ti kọ́ èdè ọwọ́ kó lè bá a sọ̀rọ̀.

Ta ló ṣe gudugudu méje kí èdè ọwọ́ tó tàn dé kíláàsì tiwa? Andrew Foster ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó di adití lọ́mọ ọdún 11. Ó gboyè ní Gallaudet ní 1954, ó dá iléèwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Ìdí nìyí tí èdè ọwọ́ wa fi jọ ti Amẹ́ríkà.

Lónìí, àwọn ọmọ adití ń kàwé ní Wesley, Súrùlérè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé kíláàsì wa ní Yaba, ta ni yóò lè kí i? Foster ti rin ọ̀nà jíjìn. Ìkíni kan péré ló kù fún wa láti kọ́, kí àbámọ̀ tó dé.