Ìtọsẹ̀ Ìtàn Ìwádìí Lórí Ìgbaradì Olùkọ́ Ìṣirò: Láti Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ dé Ọjà Owódé Onírin

Ìfáárà

Ní Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, irin ni ọjà, ìṣirò sì ni ẹ̀mí ọjà náà. Ẹni tí ó ń tà kò gbọdọ̀ ṣi irin wọ̀n, ẹni tí ó ń rà kò sì gbọdọ̀ ṣi owó kà. Síbẹ̀, ọmọ tí ó ń ṣírò owó lọ́jà láìṣì lè dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí ìṣirò di ẹrù ìnira sí i lọ́rùn. Olùkọ́ ni ó yẹ kí ó so ibi méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń wá nínú ìgbaradì irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1955.

Ìgbà tí iye olùkọ́ jẹ́ ìṣòro

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Ìbéèrè tí ó gbòde ni ibi tí a ó ti rí olùkọ́. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí a gbé kalẹ̀ ní 1959, jábọ̀ ní 1960, láti 1962 sì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga olùkọ́ni tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí NCE ti ń yọjú. Ní àkókò yìí, orí olùkọ́ àti ìwé-ẹ̀rí wọn ni àwọn olùwádìí ń kà. Ohun tí olùkọ́ mọ̀ nípa ìṣirò kò tíì di ọ̀rọ̀.

Ìṣirò ìgbàlódé àti ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ni

Ní 1962, àwọn onímọ̀ Áfíríkà àti ti òkè òkun péjọ sí Entebbe ní Uganda láti kọ ìwé ìṣirò tuntun. Ìwé náà dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ni kò gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìn-ín-ní 1977, ìjọba àpapọ̀ kéde níbi àpérò kan ní ìlú Benin pé wọ́n ti fòpin sí i. Ẹ̀kọ́ tí ó jáde níbẹ̀ ṣe kedere: ẹni tí ó bá pààrọ̀ ìwé láìtún olùkọ́ ṣe, asán ni ó ń lé.

Èdè àti ọgbọ́n olùkọ́

Láti 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lórí fífi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, Helen Verran, ará Ọsirélíà tí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní Ifẹ̀, ròyìn nínú ìwé rẹ̀ ti 2001 bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe fi okùn wọn gíga àwọn ọmọ, tí ó sì ká okùn náà mọ́ páálí kékeré kí wọ́n lè ka iye ìká. Kì í ṣe ọ̀nà tí Verran fi hàn án nìyẹn, síbẹ̀ iṣẹ́ náà yé àwọn ọmọ.

Ní 1986, Lee Shulman ní Amẹ́ríkà fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ní ipò nínú ìmọ̀. Ó ní mímọ ìṣirò yàtọ̀, mímọ ìlànà ìkọ́ni yàtọ̀, mímọ bí a ti í sọ ìṣirò di ohun tí yóò yé ọmọ sì tún yàtọ̀. Láti ìgbà náà, ìwádìí kúrò lórí iye olùkọ́, ó bọ́ sórí ohun tí ó wà ní orí olùkọ́.

Ìṣirò inú àṣà

Ní 1984, Ubiratan D'Ambrosio ará Brazil pe àkíyèsí ayé sí ìṣirò tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan ń lò. Ní 1985, àwọn olùwádìí ní Recife tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní ìgboro. Lójú ọjà, wọ́n gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé láìsọ ọjà mọ́ ọn, wọ́n gba ìdá 37. Yorùbá náà ní tirẹ̀: ẹni tí ó pe 700 ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ti yọ 100 kúrò nínú 800 kí ó tó lanu.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó tọ̀nà lọ́jà kò tíì di òye. Ọ̀pá irin mìlímítà 12 tí ó gùn ní mítà 12 wọ̀n tó kílò 10.7, ti mìlímítà 16 tí gígùn wọn dọ́gba wọ̀n tó kílò 19. Ìbú fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i. Kí ló dé tí ìwúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì? Oníṣòwò lè mọ ìwọ̀n náà lórí. Olùkọ́ ni yóò fi hàn pé ojú irin tí a gé ni ìwúwo ń tẹ̀lé, àti pé 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 16 lọ́nà 16 sì jẹ́ 256.

Ìkádìí

Ìwádìí ti rìn láti orí iye olùkọ́ dé orí ìwé, láti orí ìwé dé orí èdè, kí ó tó kan òye olùkọ́ àti àṣà. Kò sí èyí tí ó sọ èyí tí ó ṣáájú di aláìwúlò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní Èkó dé ọjà bí Owódé Onírin kí ó tó lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, kí ó gbọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń kà, kí ó sì mú ìbéèrè ibẹ̀ wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ oníṣòwò irin yóò máa rò pé ìṣirò tí òun mọ̀ kì í ṣe ìṣirò.